Owó-orí Èéfín: Ohun tí Ó Ṣe àti Ohun tí Kò Lè Ṣe Láti Ọdún 1990

Ẹni tí ó ṣu lè gbàgbé, ẹni tí ó kó o ni kì í gbàgbé. Gbólóhùn kan yìí ni àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá fi sọ ohun tí Arthur Cecil Pigou, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Cambridge, fi odindi ìwé ńlá sọ ní ọdún 1920. Pigou wo àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń rú èéfín ní àwọn ìlú ńlá. Ó rí i pé ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ń ṣírò owó èédú, ó sì ń ṣírò owó òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣírò ògiri tí èéfín sọ di dúdú tàbí ọṣẹ tí aládùúgbò fi ń fọ aṣọ rẹ̀ léraléra. Ìmọ̀ràn tí ó dá ni pé kí ìjọba bu owó-orí lé ohun tí ń ba ti ẹlòmíràn jẹ́, kí owó náà sì ṣe déédéé pẹ̀lú ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ṣu kò ní lè gbàgbé mọ́, nítorí pé àpò rẹ̀ ni yóò máa rán an létí.

Èéfín tí Pigou mọ̀, ojú ń rí i, imú sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Èyí tí owó-orí òde-òní wà fún yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ń jáde láti inú èédú, epo àti gáàsì tí a bá dáná sun kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó ń gbé ojú òfurufú fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ń há ooru mọ́ ayé, ayé sì ń móoru sí i. Ẹni tí ó tú u sílẹ̀ lónìí lè má rí ìpalára rẹ̀ títí yóò fi kú. Èdè Yorùbá kò ní orúkọ tí ó sún mọ́ ọn ju èéfín lọ, nítorí náà ni a ṣe yá ọ̀rọ̀ yìí lò níhìn-ín. Lítà pẹtiróòlù kan tí ọkọ̀ bá jó a máa sọ ohun tí ó wọn kílógíráàmù méjì àti díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ yóò jó lítà bí 430 kí èéfín rẹ̀ tó pé tọ́ọ̀nù kan, orí tọ́ọ̀nù yìí ni gbogbo ìjọba sì máa ń bu owó lé.

Àádọ́rin ọdún ni ìmọ̀ràn Pigou fi wà nínú ìwé kí ìjọba kankan tó dán an wò lórí èéfín yìí. Fínlándì ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ní oṣù kìíní ọdún 1990. Owó tí wọ́n bù lé tọ́ọ̀nù kan kò ju yúrò kan àti díẹ̀ lọ bí a bá fi owó òní wò ó. Bí a bá pín in sórí 430 lítà, kò tó sẹ́ǹtì kan lórí lítà kọ̀ọ̀kan. Kò sí awakọ̀ tí irú owó bẹ́ẹ̀ lè mú kí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Iṣẹ́ tí Fínlándì ṣe ni pé ó ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó náà sókè.

Orílẹ̀-èdè Swídìn ni gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi hàn pé owó-orí yìí ń ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1991 ni ó bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, pẹ̀lú 250 króónà lórí tọ́ọ̀nù kan. Kì í ṣe òun nìkan ni ó dé. Àtúnṣe ńlá kan ni ó gbé e wọlé, èyí tí àwọn ará Swídìn fúnra wọn pè ní àtúnṣe owó-orí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Ìjọba dín owó-orí tí òṣìṣẹ́ ń san lórí owó-oṣù kù gidigidi. Wọ́n gé owó-orí àtijọ́ lórí epo àti èédú sí ìlàjì, wọ́n sì fi owó-orí èéfín dí àlàfo rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1990, ṣáájú kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi owó-orí ọjà, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, kún iye epo ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí owó-orí èéfín nìkan ṣe ní láti kọ́kọ́ já gbogbo okùn wọ̀nyí kúrò lára ara wọn.

Láti ìgbà náà ni owó náà ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, láìka ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà lórí àléfà sí. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2021, ó ti tó 1,200 króónà lórí tọ́ọ̀nù kan, èyí tí ó ju 100 yúrò lọ. Díẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tí ń san tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé. Láàárín ọdún 1990 sí 2018, èéfín tí ń jáde láti ilẹ̀ Swídìn fi ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ọrọ̀ ilẹ̀ náà ń pọ̀ sí i ní gbogbo àkókò yìí. Àwọn tí ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé owó-orí náà yóò sọ Swídìn di aláìní kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn jù ni inú ilé gbígbóná. Òtútù ilẹ̀ Swídìn kì í ṣe ohun eré, ọ̀pọ̀ ìlú ibẹ̀ ni ó sì ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń se omi, tí ń fi páìpù abẹ́ ilẹ̀ gbé omi gbígbóná náà kiri láti ilé dé ilé. Epo àti èédú ni wọ́n fi ń dá iná náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó-orí dé, tí wọn kò sì bù ú lé igi, àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kó àfọ́kù pákó, ẹ̀ka igi àti ìyẹ̀fun igi láti inú igbó àti ní ilé ìlàgi. Ohun tí wọ́n ti ń dà nù rí di ohun tí ń mú owó wọlé. Kò sí ìwàásù tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ń dáná náà. Ìwé ìṣírò wọn ni ó yí wọn lọ́kàn padà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ iye epo tí àwọn ará Swídìn ì bá jó bí owó-orí náà kò bá sí? Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ mọ agbára ajílẹ̀ a máa fi sí apá kan oko, a sì fi apá kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó lè fi wọ́n wé ara wọn nígbà ìkórè. Orílẹ̀-èdè kò ṣeé pín sí méjì báyìí. Ọgbọ́n tí Julius Andersson dá nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 ni pé ó fa àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ mìíràn tí kò ní irú owó-orí bẹ́ẹ̀ yọ, ó sì mú díẹ̀díẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi rí àpapọ̀ kan tí ìwà rẹ̀ jọ ti Swídìn bí ìbejì láti ọdún 1960 títí di ìgbà tí owó-orí dé. Lẹ́yìn náà ni ó wò ó bí ìbejì méjèèjì ti ṣe yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn títí di ọdún 2005. Ohun tí ó rí ni pé èéfín ọkọ̀ ní Swídìn fi bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ìkejì rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí a bá yọ iṣẹ́ owó-orí ọjà kúrò, ó ku bí ìdá 6 fún owó-orí èéfín.

Ìdá mẹ́fà kì í ṣe ohun ńlá lójú ẹni tí ó bá retí iṣẹ́ ìyanu, kò sì ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nínú iṣẹ́ kan náà ni ohun mìíràn tí ó yani lẹ́nu ti jáde: bí epo bá gbówó lórí nítorí owó-orí yìí, àwọn ènìyàn a máa dín lílò rẹ̀ kù ní bí ìlọ́po mẹ́ta ju bí wọ́n ti ń dín in kù nígbà tí ó bá gbówó lórí nítorí ọ̀wọ́n ọjà lásán. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọ̀wọ́n ọjà a máa lọ, a máa bọ̀. Owó-orí tí ìjọba ti sọ pé kò ní sọ̀kalẹ̀ ni ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ pààrọ̀ ọkọ̀.

Àbùkù kan wà lára iṣẹ́ Swídìn tí àwọn tí ń yìn ín kì í sábà mẹ́nu bà. Ní ọdún 1993, ìjọba dín ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí aráàlú ń san, kí wọ́n má baà kó ẹrù wọn lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ọdún 2018 ni èyí tí ó kẹ́yìn nínú àwọn ẹ̀dínwó yìí tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ìyẹn ni pé fún ọdún 25, ẹni tí ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ń san ju ilé-iṣẹ́ tí ń rọ irin lọ lórí tọ́ọ̀nù kan náà.

Irú àìdọ́gba báyìí ni ó ba ti Nọ́wè jẹ́ jù. Ọdún 1991 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀ pọ̀. Bruvoll àti Larsen, àwọn méjì tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2004, rí i pé ìdá 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni owó-orí náà fi dín èéfín kù láàárín ọdún 1990 sí 1999. Àwọn tí ìbá rọrùn fún láti yí padà ni wọ́n dá sí. Iná mànàmáná ilẹ̀ náà sì ti ń ti ara omi wá tẹ́lẹ̀, kò ní èéfín tí yóò dín.

Àfi ibi kan ṣoṣo. Lórí òkun, níbi tí owó-orí náà ti wúwo lórí àwọn tí ń wa epo àti gáàsì, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ayé kò rí irú rẹ̀ rí. Gáàsì tí ń jáde láti inú kànga Sleipner ní afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù púpọ̀ nínú, oníbàárà kò sì ní rà á bí wọn kò bá kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì tú u sí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n Statoil ṣírò owó-orí tí yóò san lórí rẹ̀, ó sì rí i pé kò ná òun tó bẹ́ẹ̀ bí òun bá tì í padà sínú ilẹ̀. Ní ọdún 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ti nǹkan bí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ́dọọdún wọ inú iyanrìn olómi iyọ̀ tí ó wà ní ìwọ̀n bí kìlómítà kan sí abẹ́ ìsàlẹ̀ òkun.

Ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ Sleipner sí ẹ̀gbẹ́ iná gáàsì tí ń jó tọ̀sán tòru ní Niger Delta yóò rí ìyàtọ̀. Òfin ọdún 1979 ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn tí ń wa epo máa dá gáàsì padà sínú ilẹ̀, àti pé lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun ún láìgba àṣẹ. Ẹni tí ó bá sun ún yóò san owó ìtanràn. Owó ìtanràn yìí kì í ṣe owó-orí èéfín gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n: méjèèjì ni ó ń bu iye lé ìbàjẹ́. Kọ́bọ̀ méjì ni wọ́n bù lé ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ kúbíìkì gáàsì níbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1998 ni ó di náírà mẹ́wàá, lẹ́yìn tí náírà fúnra rẹ̀ ti já wálẹ̀. Ta ni yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ ọlọ́pọ̀ mílíọ̀nù láti lè yẹra fún kọ́bọ̀ méjì? Sísan án rọrùn ju pípa iná náà lọ. Ó di ọdún 2018 kí ìlànà tuntun tó sọ ọ́ di dọ́là méjì fún àwọn tí ń wa epo púpọ̀. Òfin méjèèjì, ti Nọ́wè àti ti Nàìjíríà, ní ètè kan náà; eyín tí ó wà nínú ẹnu ni kò jọra.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba àlàyé púpọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ìjọba bu owó-orí lé èédú àti gáàsì tí a fi ń pèsè iná mànàmáná, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 2016 ó ti tó pọ́n-ùn 18 lórí tọ́ọ̀nù kan. Ní ọdún 2012, bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iná ilẹ̀ náà ni ó ń ti ara èédú wá. Ní ọdún 2020, kò tó ìdá 2. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Ratcliffe-on-Soar, èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn, pa iná rẹ̀. Lóòótọ́, òfin mìíràn ti ń ti àwọn ilé-iṣẹ́ èédú tí ó ti gbó pa, ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ gáàsì ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ń retí iṣẹ́. Owó díẹ̀ tí a fi kún iye èédú ti tó láti pààrọ̀ ẹni tí a kọ́kọ́ ń pè. Níbi tí ohun tí a lè fi rọ́pò bá ti wà ní ìtòsí, owó kékeré a máa ṣe iṣẹ́ ńlá. Awakọ̀ tí kò ní ọkọ̀ ojú irin ní àdúgbò rẹ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2008 ni ìpínlẹ̀ British Columbia ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Gordon Campbell ni olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà nígbà náà, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ òsì ni ó ti wá. Ẹgbẹ́ tí àwọn oníṣòwò fẹ́ràn ni tirẹ̀. Àkókò tí ó yàn kò dára rárá. Inú oṣù keje yìí gan-an ni iye epo rọ̀bì lágbàáyé ga dé 147 dọ́là lórí àgbá kan. Dọ́là mẹ́wàá ni ó bù lé tọ́ọ̀nù, èyí tí kò tó sẹ́ǹtì mẹ́ta lórí lítà pẹtiróòlù. Òfin sì ti sọ pé dọ́là márùn-ún-márùn-ún ni yóò máa fi gòkè lọ́dọọdún títí yóò fi pé 30 dọ́là ní ọdún 2012.

Ohun tí ó gba Campbell là ni pé àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òfin náà fi dandan lé e pé gbogbo owó tí ó bá wọlé ni a óò dá padà. Kí owó-orí tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kọ ìwé sọ̀wédowó ọgọ́rùn-ún dọ́là fún olúkúlùkù ará ìpínlẹ̀ náà, tàgbà tèwe. Wọ́n dín owó-orí òṣìṣẹ́ kù, wọ́n dín ti ilé-iṣẹ́ kù, wọ́n sì ń san owó kan pàtó fún àwọn tálákà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí àwọn tí ń gbé ìhà àríwá, níbi tí òtútù ti pọ̀ tí ọjà sì jìnnà sílé. Ẹgbẹ́ alátakò, èyí tí ó ti máa ń pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ́ mẹ̀kúnnù, fi igbe pé kí a gé owó-orí náà danù ṣe ìpolongo ìbò ọdún 2009. Wọ́n fìdí rẹmi.

Murray àti Rivers kó gbogbo ìwádìí tí ó ti wà nílẹ̀ lórí ìpínlẹ̀ yìí jọ ní ọdún 2015. Ìdájọ́ wọn ni pé owó-orí náà fi láti ìdá 5 sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín èéfín kù sí ohun tí ì bá jẹ́, àti pé wọn kò rí ìpalára pàtàkì tí ó ṣe fún ọrọ̀-ajé ìpínlẹ̀ náà lápapọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ṣùgbọ́n kò dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 2012, ìjọba dá owó náà dúró lójú kan, ó wà ní 30 dọ́là títí di ọdún 2018. Ọ̀wọ́n ọjà ń bù ú jẹ, àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i, èéfín ìpínlẹ̀ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbérí. Nígbà tí ẹgbẹ́ tí ó ti pariwo pé kí a gé e danù dé orí àléfà ní ọdún 2017, àwọn gan-an ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú sókè. Wọ́n sì tú ìdè dídá-gbogbo-owó-padà tí ó wà lára rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìtú ìdè yìí ti gbin irúgbìn ohun tí ó hù lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ Australia kúrú. Kí ìbò ọdún 2010 tó wáyé, Julia Gillard ti ṣèlérí pé ìjọba òun kò ní bu owó-orí lé èéfín. Nígbà tí kò rí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìgbìmọ̀ tó, ó gba ohun tí àwọn tí ó tì í lẹ́yìn fẹ́, owó-orí náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2012 pẹ̀lú dọ́là 23 Australia lórí tọ́ọ̀nù kan. O'Gorman àti Jotzo ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2014 pé láàárín ọdún méjì, ó fi láti mílíọ̀nù 11 sí 17 tọ́ọ̀nù dín èéfín iná mànàmáná kù. Èyí kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tony Abbott fi ìlérí tí Gillard yẹ̀ jà títí ó fi wọlé, ilé-ìgbìmọ̀ sì pa òfin náà rẹ́ ní oṣù keje ọdún 2014. Owó-orí náà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n sin ín.

Ti Faransé gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìyànjú wọn ní ọdún 2009 kò tilẹ̀ débi tí a ó ti san án: Ìgbìmọ̀ Òfin-ìpìlẹ̀ wọn fagi lé e ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá, wọ́n ní àwọn tí a dá sí ti pọ̀ jù, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tú èéfín jù kò ní san nǹkan kan nígbà tí awakọ̀ yóò máa san. Ọdún 2014 ni ó tó wọlé, yúrò méje ni. Ó di 14.50 ní ọdún 2015, 22 ní ọdún 2016, 30.50 ní ọdún 2017, 44.60 ní ọdún 2018. Wọ́n ti ṣètò pé yóò di 86.20 ní ọdún 2022. Nígbà tí epo rọ̀bì lágbàáyé kò wọ́n, kò sẹ́ni tí ó mọ̀ pé ohun kan ń gòkè. Ọdún 2018 ni ọjà yí padà, ìnira méjèèjì sì pàdé lórí awakọ̀.

Òfin Faransé fi dandan lé e pé kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè kan nínú ọkọ̀, kí ó lè wọ̀ ọ́ bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀wù yìí ni wọ́n yọ wọ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2018. Nǹkan bí 280,000 ènìyàn ni ó jáde lọ́jọ́ náà, wọ́n dí oríta àti ojú títì jákèjádò ilẹ̀ náà. Àwọn ará ìlú kéékèèké ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí ibi iṣẹ́ wọn jìnnà, tí kò sí bọ́ọ̀sì ládùúgbò wọn, tí ìjọba fúnra rẹ̀ sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbà níyànjú láti ra ọkọ̀ oní-dísù. Ọdún yìí kan náà ni ìjọba Macron mú owó-orí tí àwọn olówó ń san lórí ohun ìní wọn kúrò. Púpọ̀ nínú owó-orí èéfín náà sì wọ inú àpò ìjọba láìsí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹni tí ó bá rántí ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ti ọdún 1968 sí 1969 kò ní bi wọ́n léèrè ohun tí ń bí wọn nínú. Iye owó nìkan kọ́ ni ó ń gbé àgbẹ̀ dìde. Ẹni tí a dá sí, àti ohun tí a fi owó náà ṣe, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, ìjọba ju ọwọ́ sílẹ̀. Owó náà kò kúrò ní 44.60 yúrò.

Ṣé dídá owó padà nìkan ni oògùn rẹ̀? Ó dàbí ẹni pé kò tó. Swítsálándì bẹ̀rẹ̀ sí í gba tirẹ̀ lórí epo tí a fi ń mú ilé gbóná ní ọdún 2008, wọ́n sì ń dá púpọ̀ padà fún aráàlú nípa yíyọ ọ́ kúrò nínú owó ìdánilójú ìlera tí wọ́n ń san. Ọgbọ́n tí ó mọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ó ń ka ìlà kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ ìwé owó ìlera rẹ̀? Nígbà tí àwọn olùwádìí bi àwọn ará Swítsálándì àti Kánádà léèrè, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ kò mọ iye tí a ń dá padà fún wọn, àti pé àwọn tí a sọ fún gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ yí ọkàn padà. Owó tí a gbà lọ́wọ́ ènìyàn níbi tí ó ti ń ra epo, lójoojúmọ́, a máa dun ni ju bí owó tí a dá padà láìpariwo ti ń dùn mọ́ni lọ.

Gúúsù Áfíríkà ni ó kọ́kọ́ gbé owó-orí yìí wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kẹfà ọdún 2019. Ráńdì 120 ni wọ́n kọ sínú òfin fún tọ́ọ̀nù kan, ṣùgbọ́n ìdásí tí wọ́n fi kún un pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láti ráńdì 6 sí 48 ni a ń san ní tòótọ́ níbẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà náà ti fi ọ̀rọ̀ náà sínú òfin: òfin lórí ìyípadà ojú-ọjọ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2021 ní kí ìgbìmọ̀ rẹ̀ àti àwọn tí ń gba owó-orí ìjọba àpapọ̀ jọ wá ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é.

Àwọn tí ó kó iṣẹ́ gbogbo ayé jọ kò fi ẹnu kò lórí bí a ti ṣe lè pe èso yìí. Jessica Green ka gbogbo ìwádìí tí ó wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀, tí kì í ṣe èyí tí ó sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2021 ó kọ̀wé pé èéfín kò fi ju ìdá 2 lọ dín kù lọ́dún nítorí irú owó báyìí, nígbà mìíràn kì í dín rárá. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí mìíràn tún iṣẹ́ náà ṣe lórí ètò 21, títí kan àwọn ibi tí a ti ń ta ìwé-àṣẹ èéfín. Ó kéré tán, 17 nínú wọn ni ó dín èéfín kù, láti ìdá 5 sí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ìjà gidi láàárín àwọn ìṣirò wọ̀nyí. Ẹni tí ó ń wo ọ̀nà tí ó kù níwájú ni ó ń pè é ní kékeré. Ẹni tí ó ń wo owó kékeré tí wọ́n bù lé e ni ó ń pè é ní ńlá. Ohun tí kò sí ẹni tí ó fi hàn títí di ìsinsìnyí ni ìjọba kan tí ó lo owó-orí yìí nìkan, láìfi òfin mìíràn àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ṣeé fojú rí kún un, tí èéfín ilẹ̀ rẹ̀ sì tán.

Kánádà ni ìtàn náà padà sí. Ní ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ mú owó-orí náà dé àwọn ìpínlẹ̀ tí kò ní tiwọn, wọ́n sì ń dá bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ padà sí àpò ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó ti di 80 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ju sẹ́ǹtì 17 lọ lórí lítà pẹtiróòlù. Igbe tí wọ́n ti pa ní British Columbia ní ọdún 2009 ni ẹgbẹ́ alátakò tún gbé dìde, ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ń gbè é lọ́tẹ̀ yìí, ọjà sì ti wọ́n. Mark Carney, tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ gómìnà ilé-ìfowópamọ́ àgbà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì ti ń kìlọ̀ nípa ìyípadà ojú-ọjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó fagi lé ti aráàlú nígbà tí ó di olórí ìjọba. Ó fi ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni owó-orí náà kúrò lórí epo, British Columbia sì mú tirẹ̀ kúrò lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 22 oṣù náà, owó ìdápadà tí ó kẹ́yìn wọ àpò àwọn ìdílé, nígbà tí wọn kò san owó-orí náà mọ́.